Ṣé fóònù ti gba ipò kọ̀ǹpútà tán? Mo fẹ́ ṣí ilé kọ̀ǹpútà ní Under G

Ọmọ Ajílété kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó kúrò lápò.

Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Under G, nítòsí yunifásítì LAUTECH, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò mi ni pé kí n ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́fà, kí n gbé íntánẹ́ẹ̀tì sí i, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sanwó wákàtí kan wákàtí kan, bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní kafé nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò. Ó ní fóònù ti gba gbogbo iṣẹ́ náà, pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ki Android rẹ̀ bàpò kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Ó ní POS àti fọ́tókọ́pì ni kí n gbájú mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu délẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó wà ládùúgbò náà kì í ṣófo, pàápàá lásìkò tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀. Kí ló gbé wọn wá nígbà náà?

Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún mi: iṣẹ́ wo ni fóònù ti gbà pátápátá, èwo ni kò tíì lè ṣe tí èèyàn á fi sanwó? Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì wúlò, ṣé ti orí tábìlì ni kí n rà àbí láptọ́ọ̀pù, bí iná ṣe ń ṣe wá yìí? Bátìrì olómi 12V 200Ah kan wà nílẹ̀, pẹ̀lú ínfátà 1.5kVA. Iye gan-an ni mo fẹ́ o.


Atẹ̀wé Tákìé fèsì:

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ kò tán síbẹ̀.

Wíwo íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, StatCounter, tó máa ń ka ojú ewé tí àwọn èèyàn ń ṣí lórí wẹ́ẹ̀bù, rí i pé fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ti kó ìdá 51.3 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri àgbáyé, kọ̀ǹpútà sì kó 48.7. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ó ti rí bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ gba orí kọ̀ǹpútà kọjá rárá. GSM dé ní 2001. Nígbà tó yá, Opera Mini lórí Nokia kékeré ló mú ọ̀pọ̀ wọ orí wẹ́ẹ̀bù, nítorí pé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Opera ló ń kọ́kọ́ fún ojú ewé náà pọ̀ kí ó tó dé orí fóònù, dátà kì í sì í tètè tán. Lẹ́yìn náà ni Android olówó pọ́ọ́kú wá kún ìgboro.

Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun tí wọ́n kà: ojú ewé ni. Ẹni tó ṣí ogún ojú ewé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ogún ni wọ́n kà fún un. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́rin to orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ nínú Word lórí kọ̀ǹpútà, bóyá ni wọ́n ka ẹyọ kan fún un. Iye yẹn ń sọ ibi tí ojú wà, kò sọ ibi tí iṣẹ́ ti ń parí. Nítorí náà, ẹ má ta wákàtí ìwòran. Ìyẹn ti kú. Ibi tí fóònù ti ń kọsẹ̀ ni ọjà yín wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ tú fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Fóònù tí RAM rẹ̀ (àyè tí áàpù tó ṣí ń lò) jẹ́ 2GB tàbí 3GB kò lè gbé áàpù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ fọ́ọ̀mù nínú Chrome, tó wá fi í sílẹ̀ láti lọ wo OTP (nọ́ńbà ìjẹ́rìí tí wọ́n fi ránṣẹ́) nínú SMS tàbí láti lọ ya fọ́tò, Android lè pa ojú ewé tó fi sílẹ̀ náà kó lè rí àyè fún kámẹ́rà. Bó bá padà dé, ojú ewé á tún ara rẹ̀ ṣí látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó ti kọ á ti lọ. Bó bá jẹ́ ojú ewé ìsanwó ni, ewu rẹ̀ ni pé kò ní mọ̀ bóyá owó ti kúrò tàbí kò tíì kúrò, á sì tún san án. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ṣe é dandan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa gbogbo áàpù yòókù, kó pa ohun tó ń dín lílo bátìrì kù, kó ti kọ àwọn ìdáhùn gígùn síbì kan kó lè máa lẹ̀ wọ́n mọ́ fọ́ọ̀mù, kó sì ka OTP látinú ìkéde tó bá já wálẹ̀ lókè fóònù láì kúrò lójú fọ́ọ̀mù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ á kúkú sanwó fún yín.

Fọ́tò ni ẹ̀ẹ̀kejì. Kámẹ́rà fóònù ń ya àwòrán tó máa ń tó 3MB sí 5MB, fọ́ọ̀mù sì lè ní òun kò gbà ju 100KB lọ. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní wọlé, fọ́ọ̀mù náà kò sì ní sọ ìdí. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i nínú Paint, ẹ gé e kó ku orí àti èjìká, ẹ tẹ Resize, ẹ yan Pixels, ẹ sọ ọ́ di nǹkan bí 400 ní ìbú àti 500 ní gíga, kí ẹ fi pamọ́ bí JPG. Yóò sábà bọ́ sábẹ́ 100KB. Fọ́tò láti inú iPhone lè jẹ́ HEIC, irú fáìlì àwòrán kan tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù kì í gbà rárá: kí oníbàárà lọ sí Settings, Camera, Formats, kó yan Most Compatible, kó tó tún òmíràn yà. Kí wọ́n má sì fi àwòrán ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí yín bí fọ́tò lásán lórí WhatsApp, torí WhatsApp á fún un pọ̀, lẹ́tà kéékèèké á bàjẹ́. Document ni kí wọ́n fi rán an.

Ẹ̀kẹta ló ń mówó wọlé jù: iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́pọ̀ ojú ewé. Word orí fóònù jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ojú ẹ̀rọ tí kò ju ínǹṣì 10.1 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀. Títò ni wàhálà. Yunifásítì á ní kí àwọn ojú ewé àkọ́kọ́ gba nọ́ńbà i, ii, iii, kí orí kìíní wá bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìyẹn gba kí ẹ fi Section Break pín ìwé náà, kí ẹ pa Link to Previous, kí ẹ tó fi nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i. Lórí kọ̀ǹpútà, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Lórí fóònù, ìyà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkójọ àkòrí tó ń kó ara rẹ̀ jọ, àti àtẹ onílà tó fẹ̀ ju ojú ewé lọ.

Ìwé tí wọ́n bá fi fóònù kọ máa ń yí padà bó bá dé orí kọ̀ǹpútà yín, torí fóònù kì í sábà ní Times New Roman. Fọ́ǹtì míì ló fi ń rọ́pò rẹ̀ lójú oníbàárà. Ojú ewé 40 lọ́wọ́ rẹ̀ lè di 43 lọ́wọ́ yín. Ẹ gba PDF bó bá jẹ́ títẹ̀ nìkan ló fẹ́. Ẹ gba Word bó bá fẹ́ kí ẹ bá òun tò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i kí bébà tó jáde. Owó bébà ni ìjà sábà máa ń dá lé.


Kóòdù Kinnira fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, mo gbà fún yín lórí títò ìwé, àmọ́ ẹ fojú kéré fóònù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ kà sílẹ̀ jẹ́ àbùkù fóònù olówó kékeré, kì í ṣe àbùkù fóònù gẹ́gẹ́ bí fóònù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ní RAM 8GB kì í tètè rí fọ́ọ̀mù tó pòórá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù lè di kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ń pè ní OTG, ẹnu wáyà kékeré tó ń so USB mọ́ ìdí fóònù, á jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Android. Bẹ́ ẹ bá ti ki wọ́n bọ̀ ọ́, ọfà máòsì á yọ lójú fóònù láì fi áàpù kankan sí i. Bí kò bá yọ, ẹ wá OTG nínú Settings, àwọn fóònù kan máa ń pa á fúnra wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ Samsung ńlá ní DeX: ẹ fi wáyà USB-C sí HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú kọ̀ǹpútà gidi ló máa yọ, pẹ̀lú fèrèsé tí ẹ lè tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, náà kò ní láti dúró de láptọ́ọ̀pù. Google Colab, ojú ewé tí èèyàn ti ń kọ kóòdù, ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome orí fóònù, ẹ̀rọ Google ló sì ń ṣe wàhálà ìṣirò náà, fóònù kàn ń fi èsì hàn ni.

Bí mo bá wà nípò Ọmọ Ajílété, kọ̀ǹpútà méjì péré ni màá rà, màá wá gbé síkíríìnì, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì mẹ́rin kalẹ̀ fún ẹni tó bá gbé fóònù tirẹ̀ wá.


Atẹ̀wé Tákìé fèsì:

Àbúrò, ìmọ̀ wà nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n síkíríìnì mẹ́rin yẹn yóò gba eruku. Ihò USB-C kò túmọ̀ sí pé àwòrán lè gba ibẹ̀ jáde. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní DisplayPort Alt Mode nínú. Tecno, Itel, Infinix àti Samsung A olówó kékeré tó kún ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, USB 2.0 ló wà nínú ihò ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ẹ ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́ títí di ọ̀la, síkíríìnì á dúdú ni. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń falẹ̀: èèyàn á tẹ lẹ́tà, á tó ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó rí i. Kò ṣeé fi kọ̀wé.

Ti Colab, mo gbà. Ṣùgbọ́n AutoCAD kíkún, MATLAB kíkún àti Proteus (àwọn ètò ìyàwòrán, ìṣirò àti iná) ni ọmọ ẹ̀ka ẹnjinníà ń wá, kọ̀ǹpútà ló sì ń gbé wọn.


Tísà Sábó fèsì:

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ JAMB. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe UTME: ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì, 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ohun mìíràn rí ju fóònù lọ máa ń fi àkókò ṣòfò láti wá ibi tí ọfà máòsì wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé máòsì kò pọn dandan. Bọ́tìnì mẹ́jọ ló tó: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sínú ìdánwò bó bá ṣèèṣì tẹ S. Áàpù ìdánrawò orí fóònù dára fún ìmọ̀, kò lè kọ́ ìka ní èyí.

Nítorí náà, wákàtí ìdánrawò lórí kíbọ́ọ̀dù gidi ṣeé tà, láti ìparí ọdún títí di àsìkò ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ óò bá a forúkọ sílẹ̀ fún JAMB o. Ibùdó CBT tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe é, torí wọ́n ń gba àmì ìka níbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà lè fi fóònù ara rẹ̀ ṣe ni gbígba kóòdù: kó kọ NIN, kó fi àyè kan sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Káàdì SIM tí ó fi rán an ni JAMB á máa fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà kó má lo ti ọ̀rẹ́.


Bàbá Ínfátà fèsì:

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iná, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè kejì wà, ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí fóònù fi borí wà. Bátìrì fóònù 5,000mAh jẹ́ nǹkan bí 19Wh. Ó ń gbé èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú síkíríìnì pẹlẹbẹ rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 110W. Iná tó kún inú fóònù yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kọ̀ǹpútà náà á fi jẹ ẹ́ tán. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí tó jẹun díẹ̀ ló máa wà láàyè.

Ẹ wá wo bátìrì yín. 12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400Wh lórí bébà. Olómi ni, nítorí náà ẹ má fà á kọjá ìdajì bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín: 1,200Wh. Ínfátà á jẹ nínú rẹ̀, ó ku nǹkan bí 1,000Wh tó ń dé orí tábìlì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́fà jẹ́ nǹkan bí 660W. Ínfátà 1.5kVA lè gbé e, bátìrì ni kò lè gbà á. Iná tó ń jáde nínú bátìrì á lé ní 55A, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 10A sí 20A ni wọ́n fi wọn bátìrì 200Ah nígbà tí wọ́n kọ 200 sí i lára. Bẹ́ ẹ bá fà á tó bẹ́ẹ̀, kò ní fún yín ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Ẹ ka wákàtí kan ààbọ̀ sí èyí tó pọ̀ jù, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà, bí bátìrì wọn bá ti kún, ń jẹ 30W níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn 180W. Ẹ fi ráútà 10W kún un, àti pírńtà onítáǹkì íńkì tí kì í ju 15W lọ. Ó di 205W. Bátìrì kan yẹn á gbé e fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, bátìrì inú láptọ́ọ̀pù fúnra wọn sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà. Ohun kan ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́: bí láptọ́ọ̀pù bá ti ṣófo kí ẹ tó so ó mọ́ ínfátà, á fa 65W dípò 30W títí tí á fi kún. Ẹ so wọ́n mọ́ iná ìjọba nígbà tó bá wà, kí iná tó lọ.

Pírńtà olésà ni ọ̀tá ínfátà. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná láti yọ́ tọ́nà mọ́ bébà, ó sì ń fa iná bíi 800W sí 1,000W lójijì, á dákẹ́, á tún fà. Ínfátà á ké, á sì pa ara rẹ̀, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ á kú pẹ̀lú. Ẹ fi onítáǹkì íńkì sórí ínfátà, kí ẹ gbé olésà àti fọ́tókọ́pì sórí jẹnẹrétọ̀ tàbí iná ìjọba nìkan. Fọ́tókọ́pì ńlá lè fa 1,500W, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I Better Pass My Neighbour kò lè gbé e, 2.5kVA ni kó kéré jù.

Bátìrì olómi kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ tábìlì oníbàárà. Bó bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ń jáde lára rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù, omi bátìrì tí wọ́n ń tà ni kí ẹ máa bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì.


Ọmọ Ajílété fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Ínfátà, ẹ kú làálàá. Ó ti yé mi, mo fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni agbára mi ká, bóyá mẹ́rin dípò mẹ́fà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ṣé mo sì lè máa ta Wi-Fi fún àwọn tó bá gbé fóònù tiwọn wá?


Atúnláptọ́ọ̀pùṣe fèsì:

Ti tòkunbọ̀: nọ́ńbà tó wà lára ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti, bó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè. Bẹ́ ẹ bá rí i5-8250U, ìran kẹjọ ni. i5-7200U jẹ́ ìran keje, kò kún ojú òṣùwọ̀n. HP EliteBook 840 G5 sábà máa ń wọ inú rẹ̀. G3 àti G4 kò wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ara wọn dán tó. Nínú Dell, Latitude 7490 sábà máa ń wọ̀ ọ́, 7480 kò wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń tà á lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà, ó máa ṣí, àmọ́ àtúnṣe ọdọọdún lè kọ̀ láti wọlé, ẹ̀yin lẹ ó sì máa bá a jà.

RAM 8GB ni kó kéré jù, SSD (ibi ìpamọ́ tí kì í yí) 256GB. Ẹ má ra èyí tó ní HDD tó ń yí, bó ti wù kí àyè inú rẹ̀ pọ̀ tó. Windows 11 á máa rákò lórí rẹ̀.

Bátìrì rẹ̀: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi ìwé kan pamọ́ sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Bó bá jẹ́ 50,000 ni wọ́n ṣe é, tó wá ku 20,000, bátìrì náà ti ń kú lọ. Ẹ dín iye rẹ̀ kù lọ́wọ́ onítọ̀hún tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ F10 fún HP tàbí F2 fún Dell kó tó wọ Windows. Bó bá béèrè páswọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti lò ó lókè òkun ló tì í, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà má kúrò lọ́wọ́ wọn lọ́nà ẹ̀tọ́. Ẹ tún kọ̀wé lórí gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù, ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tó bá wà lórí, torí wáyà síkíríìnì tó ti fẹ́ já máa ń ṣẹ́jú níbẹ̀.


Àǹtí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fèsì:

Títa Wi-Fi bọ́gbọ́n mu ju títa wákàtí kọ̀ǹpútà lọ, torí fóònù ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, dátà ló ń wọ́n ọn. Ráútà MikroTik kékeré ló ń ṣe é. Ẹ ṣí Winbox, ètò tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ẹ lọ sí IP, Hotspot, ẹ tẹ Hotspot Setup, yóò máa bi yín ní ìbéèrè níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, nínú User Profiles, ẹ fi Rate Limit sí 2M/2M, Shared Users sí 1, kí káàdì kan má di ti gbogbo yàrá. Ẹ wá dá oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú Users pẹ̀lú Limit Uptime wákàtí kan. Bí ojú ewé ìwọlé bá kọ̀ láti yọ lórí fóònù oníbàárà, Private DNS ló sábà máa ń fà á: kó lọ sí Settings, kó wá Private DNS, kó fi sí Off.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ tún tà. Ètò ilé ti Starlink, fún àpẹẹrẹ, kò fàyè gba títúntà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, apá keje, sì ní kí gbogbo oní-kafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn amọṣẹ́ kọ̀ǹpútà, CPN, yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ CAC, kí wọ́n sì ní ìwé tí oníbàárà á máa buwọ́ lù. Ẹ má fojú fo èyí. Bí ẹnì kan bá fi íntánẹ́ẹ̀tì yín lu jìbìtì, ìwé yẹn ló máa sọ ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù yín fúnra wọn lè jẹ dátà yín tán kí oníbàárà tó dé. Fóònù mọ̀ pé dátà ń náni lówó, Windows kò mọ̀ àyàfi bẹ́ ẹ bá sọ fún un. Nínú Settings, ẹ wọ Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ ohun ìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹ tan Metered connection. Ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe Windows á dúró, OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á dúró. Àmọ́ ẹ má pa àtúnṣe tì pátápátá, torí ààbò wà nínú rẹ̀. Ẹ yan àkókò kan tí dátà dínwó, bí òru, kí ẹ pa Metered, kí ẹ ti ṣí Delivery Optimization lábẹ́ Windows Update, Advanced options, kí ẹ yan èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nìkan. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kan kọ́kọ́ gba àtúnṣe náà tán, kí ẹ tó tan àwọn yòókù. Wọ́n á gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kí wọ́n tún lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti fáìlì oníbàárà: ẹ ya nọ́ńbà WhatsApp kan sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ mẹ́rin lè so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà láì ka fóònù fúnra rẹ̀, ìyẹn sì bá láptọ́ọ̀pù mẹ́rin yín mu. Ẹ máa ṣí fóònù náà déédéé, torí bí kò bá tàn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbogbo wọn á já kúrò. Kí oníbàárà má fi WhatsApp tàbí Gmail tirẹ̀ wọ ẹ̀rọ yín láìjẹ́ pé inú Guest ti Chrome ló wà, èyí tó máa ń gbàgbé ohun gbogbo bí wọ́n bá ti pa á. Ìwé ẹ̀rí, NIN àti lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ àwọn èèyàn ló máa kún inú Downloads yín. Ẹ pa á rẹ́ lálaalẹ́ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì da ohun tó wà nínú Recycle Bin nù pẹ̀lú, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ kò tíì lọ.